Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkà lápò láti fi pọntí nílé, níbo lẹ ń kó o sí?

Ará Houston:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwa tí a ń bẹ̀rẹ̀ ọtí wa láti orí ọkà fúnra rẹ̀, tí a kì í lo oje ọkà tí wọ́n ti sè sínú agolo, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nípa ríra ọkà lápò àti títọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Houston ni mò ń gbé. Bí ooru ibẹ̀ ṣe pọ̀ ni ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá mọ Èkó ti mọ̀ ọ́n. Mọ́ọ̀tì ni mò ń rà, ìyẹn ọkà báálì tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n wá fi ooru gbẹ. Àpò rẹ̀ níbí máa ń jẹ́ pọ́n-ùn 50 tàbí 55. Ọtí gálọ́ọ̀nù 5, tó jẹ́ nǹkan bíi lítà 19, máa ń gba ọkà bíi pọ́n-ùn 10, bí ẹ kò bá fẹ́ kó le jù. Ẹ ṣírò rẹ̀, àpò kan á pọn ọtí bí ìgbà márùn-ún. Òfin tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ní 1978 gba ilé tí àgbàlagbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé láàyè láti pọn tó gálọ́ọ̀nù 200 lọ́dún, fún mímu tiwọn, láìtà á. Àpò oní-50 mẹ́jọ ló máa gbé yín débẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi kì í mutí tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àpò méjì ni mo fi ṣe òdiwọ̀n: ọ̀kan tí a ń lò lọ́wọ́, ọ̀kan tó ń dúró dè é.

Òótọ́ ni pé àpò dínwó ju kí èèyàn máa ra á ní pọ́n-ùn mélòó kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ ló máa ń fẹ́ jẹ èrè náà, torí ọkà wúwo. Ìdí nìyẹn tí àwa mélòó kan níbí fi ń dáwó jọ. Ẹnì kan á gba owó, á bèèrè ohun tí kálukú fẹ́, á sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí ọkà bá dé, a ó gbé òṣùwọ̀n àti korobá jáde. Ẹni tó ra Pilsner àti ẹni tó ra Maris Otter, tí wọ́n jẹ́ oríṣi mọ́ọ̀tì méjì, á fi ìdajì àpò ṣe pàṣípààrọ̀. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn gan-an, torí ibẹ̀ la ti ń tọ́ ọtí ara wa wò.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà tọkàntọkàn ni pé owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ kò tíì di tiyín, àfi ìgbà tí ẹ bá lo ọkà ìsàlẹ̀ àpò náà tán tó sì ṣì dára.

Mọ́ọ̀tì tuntun kì í ní omi nínú ju bí ìdá 4 sí 5 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá ṣí ẹnu àpò sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ìlú bíi tèmi, omi ni yóò máa fà. Ẹ fi eyín dán an wò. Èyí tó dára á fọ́ kàà; èyí tó ti gba omi á rọ̀ bíi bisikíìtì tó sùn síta. Irú ọkà bẹ́ẹ̀ kì í fọ́ dáadáa nínú ẹ̀rọ, adùn rẹ̀ ti dín kù, oje tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ kò sì ní tó.

Bí àpò bá ti wọlé, mo máa ń dà á sínú korobá oníke tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, oní-gálọ́ọ̀nù 5, tí ọmọrí rẹ̀ ń lọ́ wọlé tó sì ní rọ́bà létí. Korobá méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àpò oní-50 tán. N kì í gbé e sí gáréèjì, torí ooru gáréèjì níbí lóṣù kẹjọ kò ṣeé fẹnu sọ. Inú ilé, lábẹ́ àtẹ̀gùn, ni wọ́n ń wà. Mo kọ orúkọ ọkà àti oṣù tí mo rà á sára korobá kọ̀ọ̀kan, èyí tó pẹ́ jù la sì ń kọ́kọ́ lò.

Lódindi ni mo ń rà á. Àwọn tó ń tà á á bi yín bóyá kí àwọn bá yín fọ́ ọ. Àfi bí ẹ bá máa pọn ọtí náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ sọ pé rárá. Ọkà odindi tó wà níbi tó tutù tó sì gbẹ lè lo ọdún kan láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ti fọ́ kò ní èèpo tó ń dáàbò bò ó mọ́. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fọ́ ọkà nílé, kí ẹ máa fọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pọntí.

Ẹ má sì ra mọ́ọ̀tì tí wọ́n yan dúdú lápò. Ọtí gálọ́ọ̀nù 5 kì í sábà gba tó pọ́n-ùn kan nínú rẹ̀, ẹ kò ní lè lò ó tán kó tó di àpamọ́gbàgbé.

Ìyá Ọlọ́tí, Ṣakí:

Ọmọ mi, o káre. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀yin ń ra èyí tí wọ́n ti mú hù. Èmi ni mò ń mú tèmi hù, ọkà bàbà fún ọtí ọkà, àgbàdo fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Nítorí náà, ọkà tí mo bá kó pamọ́ gbọ́dọ̀ wà láàyè títí di ọjọ́ tí mo bá rẹ ẹ́. Ọkà tí a ó fi ro tùwó lè ti kú, kò sí ohun tó máa ṣe tùwó. Ọkà ọtí kò gbọdọ̀ kú.

Oṣù kejìlá sí oṣù kìíní ni mo máa ń rà, nígbà tí ọkà bàbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀ ní Òkè Ògùn wa níbí, tí owó rẹ̀ rọlẹ̀. Bó bá fi di àárín òjò, kóńgò kan á ti gbówó lórí, èyí tó sì kù lọ́jà, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Kí n tó sanwó àpò, mo máa ń tọrọ ẹ̀kúnwọ́ kan lọ sílé. Mo ka hóró 100, mo fi aṣọ tútù wé e, mo gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Lọ́jọ́ kẹta mo tú u, mo ka èyí tó hù. Bí kò bá tó 90, mo fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́kọ àti ẹni tó ń sin adìyẹ. Hóró tó kú kì í kàn jókòó jẹ́jẹ́ láàárín àwọn tó ń hù. Ó máa ń bu, ó máa ń rà, á sì kó bá àwọn tó yí i ká. Òórùn rẹ̀ á bá yín dé inú ife.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Lọ́jà kan tí n kò ní dárúkọ, òǹtajà kan gbé àpò àgbàdo sílẹ̀ fún mi. Ó mọ́, kòkòrò kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, mo gbé ọwọ́ sí imú, òórùn ọ̀tápíapía ló gba imú mi. Ó ní díẹ̀ ni òun fi sí i, pé gbogbo wọn ló ń ṣe é. Mo bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ pé NAFDAC ti kìlọ̀ títí pé kí a má da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ. Bí mo bá fi ọkà yẹn pọntí, ọmọ ọlọ́mọ ni màá gbé e fún mu. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí mo mọ oko rẹ̀ ni mo ti ń ra ọkà bàbà, tòun ti ṣírí rẹ̀, mo sì ń pa á fúnra mi. Ó ń ná mi lówó díẹ̀ sí i. Mo fara mọ́ ọn.

Ní ti gbígbẹ: bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú ọkà, ẹ wá ìgò tó gbẹ, ẹ da ọkà àti iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ọkà náà ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ, ẹ dá a padà sínú oòrùn. Orí ẹní ni kí ẹ sá a sí, ẹ fi etí títì sílẹ̀ fún mọ́tò. Láyé ìyá mi, òkè àjà lórí ààrò ni ṣírí ọkà àti àgbàdo ń gbé. Èéfín ń lé kòkòrò, ọkà náà sì ń hù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n iná kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn jù, torí ooru púpọ̀ ń pa ẹ̀mí inú hóró.

Ọkà ni mò ń tọ́jú o, n kì í tọ́jú èhù. Èyí tí mo máa pọn nìkan ni mò ń rẹ mọ́jú. Màá sẹ́ ẹ, màá tẹ́ ẹ sórí ewé, màá da ewé bò ó, màá máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí n tó sá a gbẹ. Ìgbà náà ni màá fi ọwọ́ ra gbòǹgbò àti èhù rẹ̀ kúrò, màá sì fẹ́ ẹ. Ẹ má fojú kéré fífẹ́ yìí: èhù ọkà bàbà ní ohun tó ń di májèlé nínú, ẹ má sì fi bọ́ ewúrẹ́.

Ọlọ́kà, Ìlọrin:

Ẹ káàsán mà, Ìyá wa ní Ṣakí. Ọkà ni mò ń tà, àwọn tó ń pọntí sì wà lára àwọn oníbàárà mi. Ẹ rántí pé àwọn iléeṣẹ́ bíà ńláńlá náà ń fẹ́ ọkà bàbà àti àgbàdo kan náà yìí, láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988. Òfin yẹn ti kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọkà wa sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè rà, ó máa rà á lówó gọbọi.

Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀wà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ọ̀rá méjì wà nínú, àpò tó le wà lóde. Ẹ ó so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó le dan-in. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, kò sì ní rí òmíràn. Kò sí oògùn rárá. Mo ti tú irú àpò bẹ́ẹ̀ nínú òjò tí ọkà inú rẹ̀ ṣì ń dán, àwọn tó rà á sọ fún mi pé ó hù dáadáa.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti ń yọni lẹ́nu. Bí ẹ bá ń tú u ní gbogbo ìgbà, afẹ́fẹ́ ń wọlé, kòkòrò ń jí. Nítorí náà, àpò oní-kílò 50 ni mo máa ń gba ọlọ́tí nímọ̀ràn láti lò dípò oní-100, kí ẹ lè tètè tán an bí ẹ bá ti tú u. Ẹ gbé e sórí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri, torí eku kò mọ ọ̀rá kankan. Àpò yìí kò sì ní gbẹ ọkà fún yín. Ọkà tútù tí ẹ bá so sínú rẹ̀ á bu níbẹ̀, ìbu orí àgbàdo sì ń mú májèlé tí sísè kì í lé lọ wá. Àgbàdo tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí títọ́jú irè oko, NSPRI, wà ní Ìlọrin wa níbí. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè nípa àwọn àgbá tí wọ́n ń dé pa fún ọkà.

Ará Peckham:

Ilé tèmi kéré, abẹ́ ibùsùn ni ọkà wà. Mo máa ń ra àpò kílò 25 kan, Maris Otter nìkan, èmi àti aládùúgbò mi á pín in sí méjì. Afòpiná kéékèèké tó ń jẹ ìyẹ̀fun ni wàhálà ibí, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n sì ti máa ń wá. Kí n tó da ọkà sínú ike, mo máa ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, mo fi í sínú fíríísà fún ọ̀sẹ̀ kan, ní bíi -18°C. Ẹyin tó fara pamọ́ sínú hóró náà á kú. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tètè tú ọ̀rá náà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìrì má baà sẹ̀ sórí ọkà.

Ará Maryland:

Ẹ ṣé gan-an o. Mo ti rí ọkà bàbà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà nítòsí wa, mo sì fẹ́ fi pọn ọtí ọkà. Ṣé mo lè ra àpò ẹ̀ ní tààrà?

Ará Houston:

Má tíì ra àpò, àbúrò. Ra díẹ̀, kí o ṣe ìdánwò hóró 100 tí Ìyá sọ. Òmíràn wà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, ìyẹn kò ní hù láéláé. Bí ó bá hù, mọ̀ pé kò ṣeé ṣe bíi ti báálì tí a ń rẹ sínú omi bíi 66°C lẹ́ẹ̀kan náà tó sì parí. Sítáàṣì inú ọkà bàbà, ìyẹn ohun tó ń di adùn, ń fẹ́ ooru tó ju ìyẹn lọ kó tó rọ̀.

Ìyá Ọlọ́tí, Ṣakí:

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ mi, bí o bá ti lọ èhù gbígbẹ náà, pò ó mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí o jẹ́ kó tòrò. Ro omi orí rẹ̀ sọ́tọ̀, má sè é. Èyí tó ki nísàlẹ̀ ni kí o sè títí yóò fi jiná bí ẹ̀kọ, kí o jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀, kí o tó da omi orí yẹn padà sí i. Inú omi yẹn ni ohun tó ń sọ ọkà di adùn wà; iná ló ń pa á. Fi kóńgò kan bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dùn, kí o wá padà lọ ra àpò.