Ọ̀rọ̀ fáìlì ńlá tó ń há lórí VXLAN: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o. Mo bèèrè pé kí ló dé tí ping (ìdánwò kékeré pé ẹ̀rọ kan ń gbọ́ èkejì) ń lọ láàrin àwọn VM wa (kọ̀ǹpútà àfijọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) ní Ìbarà àti Láfẹ́nwá, tí fáìlì ńlá sì ń há sójú ọ̀nà.

Packet wa (ègé dátà kọ̀ọ̀kan) ń ti inú bridge (switch inú Linux tó so àwọn VM pọ̀) bọ́ sí VXLAN (tó ń fi packet náà sínú packet mìíràn kó lè rìn lórí nẹ́tíwọ́kì), kó tó kan VLAN (nẹ́tíwọ́kì tí a yà sọ́tọ̀ lórí káàdì) àti káàdì nẹ́tíwọ́kì. Kernel (ọkàn ètò) Linux ló ń fi í lé ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. VXLAN ló ń jẹ àyè jù, torí àwọn àkọlé (header) tó ń gba àyè: IPv4 20, UDP 8, VXLAN 8, Ethernet inú 14. Báìtì 50 nìyẹn. Nínú báìtì 1500 tí káàdì ń gbà nínú packet kan (òun là ń pè ní MTU), 1450 ló kù. VM ń fi 1500 ránṣẹ́, bridge kì í gé e, kì í sì í fi ICMP (ìkìlọ̀ pé packet ti tóbi jù) dá a lóhùn, ńṣe ló ń jù ú nù láìsọ nǹkan kan. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú!

Mo sọ MTU àwọn VM di 1450. `ping -M do -s 1422` (ping tí a ní kí wọ́n má gé; 1422 pẹ̀lú àkọlé 28 jẹ́ 1450) ti ń kọjá, fáìlì náà ti ń wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ kí 1500 dúró, kó kọ́kọ́ gbé MTU káàdì sí 1550 ṣáájú ti VLAN, torí VLAN kò lè ju káàdì rẹ̀ lọ. Switch náà gbọ́dọ̀ gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wo MTU, ẹ ṣé gan-an ni.