Àròkọ tó gba A1 ní WAEC, wọ́n fi bíírò pupa ya á ní yunifásítì

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kà. Wọ́n ní ká kọ̀wé lórí ohun tó fa ogun Kírìjì, ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn, mo sọ ìtàn náà délẹ̀, mo fi òwe há a, ó dùn ún kà. 11 nínú 30 ni wọ́n fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Nísàlẹ̀: "Ìtàn lo sọ, ìdáhùn ńkọ́?" Kí ni wọ́n ń fẹ́ gan-an? Ẹ̀rù olùkọ́ yẹn ń bà mí, mi ò lè yọjú sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọdún Kẹta:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Nínú máàkì 50 tí WAEC ní fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 20 ni ti ìlò èdè, 10 péré ni ti kókó ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ nìyẹn, òun náà lo ṣe. Látìsinsìnyí, bó o bá ti ń kàwé, kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ewé sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá di òru tí iṣẹ́ fẹ́ wọlé lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá wọn, ojú ẹ á rí màbo.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi kí alága, àwọn adájọ́ àti ẹni tó ń ṣọ́ aago, bíi ti àríyànjiyàn ilé-ìwé, kó tó bẹ̀rẹ̀ àròkọ tiẹ̀! 😂 Má fi ChatGPT kọ ọ́ o. Ó máa ń dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì:
Ọmọ mi, wọn ò ní kó o sọ ìtàn ogun. Ohun tó fà á ni wọ́n bèèrè. Ikú ajẹ́lẹ̀ ló tanná ràn án ní 1878, àmọ́ ṣé òun ló fà á? Ìnilára Ìbàdàn lórí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Ọ̀nà òwò sí etíkun ńkọ́? Mú èyí tó wúwo jù lójú ẹ, sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kó o wá máa jà fún un títí dópin.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" kì í ṣe èébú. Bó bá jẹ́ inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ lo ti rí i, sọ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà ni Johnson ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ parí ìjà yẹn ní 1886. Ọ̀rọ̀ ṣojú ẹ̀, àmọ́ Ọ̀yọ́ ni orísun rẹ̀. Nítorí náà, wá ẹni tó kọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ Èkìtì. Níbi tí ẹnu wọn ò bá ti kò, ibẹ̀ ni kó o jókòó sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣé kí n yọ gbogbo òwe kúrò ni?

Olùkọ́ fẹ̀yìntì:
Èyí tí Fábùnmi tàbí ará ìgbà náà bá pa, tó o sì mọ ibi tó ti wá, fi í sílẹ̀. Èyí tí ìwọ pa, yọ ọ́. Lọ sí ọ́fíìsì yẹn o. Tún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan kọ, mú un dání lọ, kó o bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibi tí mo dúró sí hàn?"