Ṣé "omi aró" ló yẹ ká máa pe anilíìnì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu dábàá "omi aró" fún anilíìnì, omi kẹ́míkà olóró kan, kí àwọn ọmọ tó ń fi Faransé kọ́ kẹ́mísírì lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìdí tí wọ́n mú wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ara aró ẹ̀lú ni Unverdorben, onímọ̀ kẹ́mísírì, ti kọ́kọ́ sè é jáde ní 1826, Fritzsche, onímọ̀ kẹ́mísírì mìíràn, sì fún un lórúkọ ní 1840 látinú "anil", tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀lú. Àwa ará Àjàṣẹ́, tí Potogí sọ ìlú wa ní Porto-Novo, kò yẹ ká jiyàn ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló yà mí kúrò lẹ́yìn wọn. Aláró a máa ki ọwọ́ bọ ìkòkò dé ìgúnpá, á rún aṣọ, á yí i, á fà á síta kí afẹ́fẹ́ lè sọ ọ́ di dúdú. Bí èékánná rẹ̀ bá dúdú lálẹ́, ó kù díẹ̀ kó fi í yangàn. Ẹni tó bá gbọ́ "omi aró" lè ki ọwọ́ bọ anilíìnì bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, anilíìnì fúnra rẹ̀ kì í pa aṣọ láró. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe aró ni, àti fóòmù líle inú ara fíríìjì, àti èròjà rọ́bà táyà. Omi ọlọ́ràá tí kò láwọ̀ ni, afẹ́fẹ́ a sọ ọ́ di àwọ̀ tíì. Ó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́, 184 °C ló sì ti ń hó.

Tó bá kan ara, ó ń gba awọ wọnú ẹ̀jẹ̀, á ba irin inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, kò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ a wá dà bíi ṣokoléètì. Orí fífọ́, òòyì àti mímí gúlegúle lè má yọjú títí wákàtí mélòó kan, ìdí nìyẹn tí a kì í fi jẹ́ kí ẹni tó dà sí lára kàn máa lọ sílé. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn. Bàtà aláwọ tó bá ti fà á mu, ẹ jù ú nù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè dá a dúró. Ti butyl, irú rọ́bà mìíràn, ni kí ẹ wá.

Ẹlòmíì ní ká pè é ní "amúètèdú", nítorí ètè ẹni tó bá wọ̀ lára tó máa ń yí àwọ̀. Ó dùn létí, àmọ́ ara òyìnbó ni ìyẹn ti ń tètè hàn. Ètè tiwa lè má sọ nǹkan kan. Inú ẹnu, abẹ́ èékánná àti inú ìpéǹpéjú lẹ ó wò.

"Oró-ẹ̀lú" ńkọ́? Aró àti oró, fáwẹ́lì kan ló yà wọ́n, eré náà wù mí. Ṣùgbọ́n kí ni ewé ẹ̀lú ṣe? Ẹ má jẹ́ ká ba ọjà aláró jẹ́.

Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ anilíìnì. Faransé ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, "aniline" kan náà ni wọ́n ń kọ sára ìgò. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jókòó tì ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tí a ó kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo mú "agbawọwọlé" wá: ohun tó ń gba awọ wọlé sára. Yóò bá kẹ́míkà tó ń jẹ́ fẹ́nọ́ọ̀lù àti ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò oko mu pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá pe "agbawọwọlé" létí aláró kan ní Kétu, ṣé yóò yé e láìjẹ́ pé ẹ túmọ̀ rẹ̀?