Ta là ń pè ní aláìgbàgbọ́? Èsì sí ìbéèrè àbúrò wa ní Peckham

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àríyànjiyàn o.

Fún ẹni tí kò bá a láti ìbẹ̀rẹ̀: àbúrò wa obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ló béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn òbí, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò sọ bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé tó ní ọ̀rẹ́ òun sọ pé kò sí Ọlọ́run. Ó ń wá ohun tí a ó máa pe “atheist”, “agnostic” (ẹni tó ní òun ò lè sọ bóyá Ọlọ́run wà), “secular” (ohun tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn) àti “apologetics” (dídá ẹni tó bá béèrè ìdí ìgbàgbọ́ wa lóhùn). Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣàgámù ló kọ́kọ́ dáhùn: “aláìgbàgbọ́” fún ti àkọ́kọ́, “ìgbèjà ìgbàgbọ́” fún ti ìkẹyìn, àwọn méjì àárín kò ṣe kókó. Ìyá wa olùkọ́-fẹ̀yìntì ní Iléṣà fẹ́ “asẹ́lọ́run”. Ẹnìkan tún ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ lápò ṣòkòtò wa, pé “kèfèrí” ti tó.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú àwọn orúkọ mẹ́ta yẹn. Bí a bá máa bá ẹnìkan jiyàn, ó yẹ kí orúkọ tí a pè é jẹ́ èyí tó lè dáhùn sí. Òṣùwọ̀n tí mo máa lò nìyẹn: ṣé ẹni náà lè na ọwọ́ sókè kó ní “èmi nìyẹn”?

“Aláìgbàgbọ́” kọ́kọ́. Ó ti pẹ́ tí “onígbàgbọ́” ti di orúkọ ẹlẹ́sìn Kristi ní èdè wa. Bí ẹnìkan bá ní “Onígbàgbọ́ ni wọ́n nílé ọ̀tún, Mùsùlùmí ni wọ́n nílé òsì,” kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ṣé Mùsùlùmí ò ní ìgbàgbọ́ ni. Gbogbo ẹni tí kì í ṣe tiwa ti di aláìgbàgbọ́ nípa bẹ́ẹ̀: Alhaji tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ wà níbẹ̀, babaláwo tó ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n má ṣe fi àìdọ́gba dàpọ̀ pẹ̀lú àwọn aláìgbàgbọ́, àwọn tó ń bọ òrìṣà ló ń bá wí, àwọn tí ọlọ́run wọn pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìyá tó wà ní Peckham á gbọ́ “aláìgbàgbọ́”, á ní ọmọ Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ ọmọ òun. Ìwé pẹlẹbẹ ti ṣi ọ̀nà láti ojú ewé kìíní.

“Kèfèrí” kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń jiyàn lé. Èdè Lárúbáwá ló ti wá, Bíbélì wa sì gbà á lò fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe Júù. Bí a bá tẹ̀ lé Bíbélì dé ìdí, kèfèrí ni gbogbo wa nínú àríyànjiyàn yìí, títí kan ẹni tó dábàá rẹ̀.

Ti “asẹ́lọ́run” ló gba àròjinlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó dùn ún pè ni, Ìyá wa sì mọ èdè. Ṣùgbọ́n ẹ wo “sẹ́” dáadáa. Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta kí àkùkọ tó kọ. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹ gbèsè ló ń sẹ́ gbèsè. Ẹni tí a bá pè ní asẹ́lọ́run, a ti dá a lẹ́jọ́ pé ó mọ Ọlọ́run lọ́kàn, irọ́ ló ń pa. Mo mọ̀ pé àwọn Kristẹni kan gbà bẹ́ẹ̀, orí kìíní Róòmù ni wọ́n sì ń dì mú, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ohun tí a lè mọ̀ nípa Ọlọ́run hàn gbangba sí wọn. Ó dára. Kí wọ́n mú un wá bí ẹ̀rí nínú àríyànjiyàn, kí wọ́n má fi sínú orúkọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn ni.

Ẹnìkan lè ní kí a wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bí “atheist” bó ṣe rí: “aláìlọ́lọ́run”. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Éfésù 2:12, “láìní Ọlọ́run ní ayé”, àwọn tó ní òrìṣà lọ́tùn-ún lósì ni Pọ́ọ̀lù sì ń sọ ọ́ fún. Kò sì pẹ́ tí wọ́n dá a padà fún àwọn Kristẹni. Ní àárín ọ̀rúndún kejì, wọ́n mú Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smyrna, ìlú tó ń jẹ́ Izmir ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, wá sí pápá eré ìlú. Gómìnà Róòmù ní kó búra lórúkọ Késárì, kó sì wí pé “Ẹ kó àwọn aláìlọ́lọ́run kúrò!” Àwọn Kristẹni ni gómìnà ń pè bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í bọ òrìṣà ìlú. Bàbá arúgbó náà dijú mágbárí, ó wo èrò tó kún pápá, ó juwọ́ sí wọn, ó mí kanlẹ̀, ó gbójú sókè ọ̀run, ó ní: “Ẹ kó àwọn aláìlọ́lọ́run kúrò.” Ọ̀rọ̀ kan náà, gómìnà sọ ọ́ síhìn-ín, bíṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ sọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí kálukú lè jù lu ẹnìkejì báyìí, ìwé àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ló yẹ kó ti jáde.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sì mú Sáàmù 14 wá pé “aṣiwèrè wí ní ọkàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run kò sí.” Òmùgọ̀ oníwà ìbàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ Hébérù ibẹ̀ ń bá wí, irú Nábálì ọkọ Ábígẹ́lì. Aṣiwèrè lẹ́nu wa lónìí, ẹni tó ń ṣa ìdọ̀tí kiri ní títì ni. Bákan náà ni “aláìwà-bí-Ọlọ́run” ṣe jẹ mọ́ ìwà. Táí Ṣólàrín ti Ìkẹ́nnẹ́ kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi bò. Nígbà tó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, kò sí ìsìn òwúrọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orin mímọ́. Ta ni nínú àwọn tó mọ ìtàn ọkùnrin oníṣòkòtò péńpé yẹn tó lè ní ìwà ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí wá ni a ó pè wọ́n? Ibi tí Yorùbá ti dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí: “Mo gbà pé Ọlọ́run kò sí.” “Mi ò gbà pé Ọlọ́run wà.” Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ ti mú nǹkan wá sójú agbo, ó yẹ kó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹni tó sọ ìkejì kò mú nǹkan kan wá, ó kàn ní ohun tí ìwọ mú wá kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn. Láàárín àwọn ọdún 1970, Antony Flew, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní irú ẹni kejì yìí gan-an ló yẹ kí “atheist” máa jẹ́, kó lè jẹ́ pé ẹni tó ní Ọlọ́run wà ni yóò kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá. Títí dòní ni wọ́n ń jà lórí ìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì. (Ní 2004, Flew fúnra rẹ̀ kéde pé òun ti gbà pé Ọlọ́run kan wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di Kristẹni. Ìyẹn kò kan ti ọ̀rọ̀ tí à ń wá, mo kàn mọ̀ pé ẹnìkan máa mẹ́nu bà á ni.) Ní Yorùbá, ibi tí “kò” bá bọ́ sí ti parí ìjà. Àbá mi ni “oníkòsọ́lọ́run” fún ẹni àkọ́kọ́, “aláìgbàpówà” fún ìkejì. Ẹni tó bá ní wọ́n gùn jù, kó rántí pé àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ayé kò sì bàjẹ́. (Orúkọ yẹn tún bá àwọn olùgbèjà ìgbàgbọ́ kan mu tí mo ti rí lórí YouTube.)

“Agnostic” kò gba àkókò púpọ̀. Thomas Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1869 fún ara rẹ̀. “Aláìmọ̀” jẹ́ èébú, “oníbóyá” tí ẹnìkan kọ lánàá pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ yẹ̀yẹ́ ló jẹ́. “Aláìlèsọ” ni mo fọwọ́ sí.

Kí ẹ má rò pé mò ń fi abẹ́ la irun. Ní 1948, rédíò BBC pe Bertrand Russell, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, àti àlùfáà Jésúìtì kan, Frederick Copleston, láti jiyàn bóyá Ọlọ́run wà. Kí Copleston tó mú ẹ̀rí kankan jáde, ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun ń pè ní Ọlọ́run: ẹni gíga jù lọ, tó yàtọ̀ sí ayé, tó sì dá ayé. Ó bi Russell bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀. Russell ní òun gbà. Ó tún bi í bóyá ó ní ẹ̀rí lè fi hàn pé Ọlọ́run kò sí. Russell ní rárá o, pé agnostic ni òun. Ìgbà náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan títí wọ́n fi parí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àbúrò wa kò béèrè, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: “gbàgbọ́” fúnra rẹ̀. “Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà” yàtọ̀ sí “mo gba Ọlọ́run gbọ́”. Jákọ́bù orí kejì ní àwọn ẹ̀mí èṣù náà gbàgbọ́ pé Ọlọ́run kan ni ó ń bẹ, wọ́n sì ń wárìrì. Kò sí ẹni tí yóò ní èṣù gba Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tí ọmọ bá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn, ti “pé” ni ọ̀rẹ́ ń bi í, ọmọ náà sì ń fi ti “gba… gbọ́” dáhùn: “Mo mọ̀ pé Jésù fẹ́ràn mi.” Òótọ́ ni lọ́kàn rẹ̀, kò sì dáhùn ìbéèrè. Kí ìwé pẹlẹbẹ náà ya méjèèjì sọ́tọ̀ gedegbe.

“Secular” wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù ní kò ṣe kókó. Ó ṣe kókó gan-an. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, “orin ayé” là ń pe orin tí kì í ṣe ti ìsìn, ṣùgbọ́n bí a bá ní “ìjọba ayé”, ẹni tó gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ayé wí. Ìpín 10 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ìjọba kankan kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé òfin kan náà ní a jẹ́ orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ Ọlọ́run. “Ìjọba tí kò gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan” bá ìpín 10 mu. Kí a má ké e kúrú sí “aláìgbẹ̀sìn” o, torí ẹni tó kà á á rò pé “gba ẹ̀sìn” ló wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Peckham, kò bá ibẹ̀ mu rárá! Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba: ọba ni olórí rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù 26 sì ní àyè nílé aṣòfin àgbà. Síbẹ̀, nínú ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales, 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní Kristẹni ni àwọn, 37.2 ló ní àwọn ò ní ẹ̀sìn. Ìjọba gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn, àwùjọ ò kọbi ara sí i. Nítorí náà, “àwùjọ tí kò kọbi ara sí ẹ̀sìn” ni ti Lọ́ńdọ̀nù, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ wà fún ti òfin. Àwọn 37.2 yẹn kì í sì í ṣe oníkòsọ́lọ́run lápapọ̀. Aláìlẹ́sìn ni wọ́n pe ara wọn, ẹni tí kò ní ẹ̀sìn sì lè máa gbàdúrà.

Ó ku “ìgbèjà ìgbàgbọ́”. Júúdà ẹsẹ 3 ni Ẹ̀gbọ́n wa fi gbè é lẹ́sẹ̀, níbi tó ti ní kí a máa jà gidigidi fún ìgbàgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ẹsẹ 4: àwọn tó yọ́ wọ inú ìjọ ló ń bá jà, wọn kì í ṣe ará ìta tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ti ará ìta wà nínú Pétérù kìíní, 3:15: kí a múra tán láti dá olúkúlùkù tó bá béèrè ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ọkàn tútù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bí “apologetics” wà, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ tó ń wí tẹnu rẹ̀ ló sì túmọ̀ sí. “Ìrojọ́” sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n a ti sọ rojọ́ di ti aláròyé. “Àwíjàre” náà ti ní àwáwí nínú. “Ìdáhùn ìgbàgbọ́” ni kí àbúrò wa lò. Ìgbèjà jẹ́ kí ọmọ rò pé Ọlọ́run wà nínú ewu. Bàbá Gídíónì ti dá irú wọn lóhùn nígbà tí ará ìlú fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ nítorí pẹpẹ Báálì: bó bá jẹ́ ọlọ́run lóòótọ́, kó gbèjà ara rẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ àbúrò wa, ìbéèrè tí màá kọ́kọ́ fi sẹ́nu ìyá nínú ìwé náà nìyí: “Ọ̀rẹ́ rẹ ní Ọlọ́run kò sí ni, àbí ó ní òun ò gbà pé ó wà? Padà lọ bi í, kó o sì bi í irú Ọlọ́run wo ló ń sọ.”

Kí ẹnìkan láti Kétu tàbí Sakété bá wa dá sí ti ìjọba. Ìwé òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé “laïque” (bí Faransé ṣe ń pe “secular”) ni orílẹ̀-èdè náà, ohun tí ti Nàìjíríà kò kọ. Kí ni àwọn pásítọ̀ àti àwọn olóṣèlú yín ń pè é bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá?