Gbogbo ẹ̀dá inú ìtàn mi ń fi ẹnu kan náà sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni mo ń rán l'Óṣogbo. Láti ọdún 3 sẹ́yìn, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọ sì ti sùn, ìtàn ni mo máa ń kọ. Nóòtù 4 ti kún. Ìtàn Àbẹ̀kẹ́ aláró ni. Ọkọ rẹ̀ gba ọ̀nà Líbíyà lọ, wọn ò gbúròó rẹ̀ fún ọdún 11, àfi bó ṣe já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ tíṣà ka nóòtù méjì àkọ́kọ́. Ó ní ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n tí òun bá fọwọ́ bo orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òun ò mọ ìyá ọkọ yàtọ̀ sí ìyàwó, òun ò sì mọ ọmọ yàtọ̀ sí baba. Mo padà lọ wò ó, òótọ́ ni. Mo ka òwe tó wà lójú ewé kan ṣoṣo, ó jẹ́ 9. Ọmọ ọdún 12 ló pa mẹ́ta níbẹ̀! Ó dùn mí gan-an, torí àwọn òwe yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Ìkejì: ẹnì kan tó ní òun ń gbé ìwé jáde ní kí n mú 400,000 náírà wá, òun á tẹ 500 ẹ̀dà. Èmi ni mo máa kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n gbé e fún un?

Atẹ̀wé Mọkọ́lá

Ẹ dákun mà, ẹ má tíì gbé owó àjọ yín fún ẹnikẹ́ni. Ìdí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo wà ní Mọkọ́lá, n'Íbàdàn. Ẹni tó ń gbé ìwé jáde lóòótọ́ á kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yín, á ní kí ẹ tún ibí ṣe, kí ẹ gé ọ̀hún kúrò. Owó ara rẹ̀ ló máa fi tẹ̀ ẹ́, á sì máa fún yín ní tiyín lórí èyí tó bá tà. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá, atẹ̀wé bíi tèmi ni. Kò sí aburú nínú kí ẹ gbéṣẹ́ fún atẹ̀wé, àmọ́ owó atẹ̀wé ni kó gbà. Ẹ bi í pé èló ni bébà, èló ni èèpo ẹ̀yìn. Ẹ sì bi í pé orí wo ló kà.

500 ti pọ̀ jù fún ìwé àkọ́kọ́. Ẹ fi 100 bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ń fúnni, òfin sì ní kí á kó ẹ̀dà 3 fún wọn tí ìwé bá ti jáde.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àmì. Wọ́n á gbé iṣẹ́ wá pẹ̀lú àmì tó pé. Tí a bá gbé e sínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to iṣẹ́, pẹ̀lú fọ́ǹtì (irú lẹ́tà) tí kò gbọ́ Yorùbá, "ẹ́" á di àpótí kékeré òfìfo, tàbí kí àmì orí fò sórí lẹ́tà kejì. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú á kúkú kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ewé 10 fún yín ná, kí ẹ mú bírò pupa, kí ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì

Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má sọ òwe yín nù o. Ẹ pín in ni. Ìyá ọkọ ló ni òwe, ó fi ń bo ohun tí kò fẹ́ là mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ò ní pa òwe níwájú àgbà láìṣe tótó. Tó bá pa á, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yíjú wò ó.

Ní 1929, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀, ọkùnrin, ló ń kọ ọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin kan tí àìsàn dá wólẹ̀ ló ń jẹ́wọ́ ayé tó jẹ. Ohùn ló mú wọn gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: "ẹ" ni Àbẹ̀kẹ́ ń pe ọkọ rẹ̀ ni, àbí "o"? Tó bá jẹ́ "ẹ" ni láti ọjọ́ ìgbéyàwó, tí ọkọ wá dé lẹ́yìn ọdún 11, tí obìnrin yìí gbójú sókè nídìí ìkòkò aró, tó ní, "O dé?", òwe kankan ò wúlò níbẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Kí ló máa ṣe?

Atẹ̀wé Mọkọ́lá

Bàbá, ìdí tí mo fi ń pariwo àmì nìyẹn. Tí ọmọ iṣẹ́ bá yọ ti ìsàlẹ̀, tí "Ẹ dé" di "E dé" káàkiri ìwé, ẹni tó bá wá bá "O dé" pàdé á rò pé ọwọ́ atẹ̀wé ló ṣì í.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé, Atẹ̀wé. Mi ò sùn títí aago méjì òru fi lù. "Bàbá Ràfíù" ló ti ń pè é látìbẹ̀rẹ̀, "ẹ" ló sì ń lò. Bí mo ṣe tún un kọ rèé:

Àbẹ̀kẹ́ ò dìde. Aró ń kán tótó ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"O dé?"

Màmá tó ń bó ẹ̀gúsí lórí pèpéle dáwọ́ dúró. "Àbẹ̀kẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Lámidì ni, mà."

Ó tún tẹ aṣọ bọ inú ìkòkò.

Ó dá mi lójú pé kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Òwe 9 ti di 2 lójú ewé yẹn, Màmá ló ni méjèèjì. Ti owó, mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó má retí mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí Màmá bá a wí, àbí kó dákẹ́?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì

Kó máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Àmọ́ kó máa da èèpo pọ̀ mọ́ ọmọ ẹ̀gúsí. Ẹ fi orí tó tẹ̀ lé e ránṣẹ́ sí mi.