Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì, kí lojú yín rí nínú fẹ́lóṣíìpù àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá sọ tiyín jàre. Èmi ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú mọ́tò lọ́jọ́ tá a wọlé táwọn bùrọ̀dá onítáì kan ti gbé báàgì mi, ọ̀kan gbé gáàrì, ọ̀kan gbé kúlà, mo rò pé mọ́mì mi ló rán wọn. Àfi ìgbà tá a dé họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ pépà, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, rúùmù. Kó tó di Sunday, RCF, fẹ́lóṣíìpù àwọn Redeemed, ti kanlẹ̀kùn, ASF, tàwọn Áńgílíkà, ti kanlẹ̀kùn. Èyí tí mo dúró sí, ká má purọ́, torí tutórìá MTH 101 wọn, ìyẹn ìṣirò, ni, àdúrà ló wá tẹ̀lé e. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni mo ti mọ Ọlọ́run dáadáa o.

Alfa Jẹ́jẹ́: Nílé wa, Jímọ̀ nìkan là ń kí. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ti mọ ààwẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ẹnì kan á máa fi ṣíbí lu abọ́ kiri, "ẹ dìde, sààrì o!" Rúùmùméètì mi tó jẹ́ ọmọ Deeper Life ló máa ń gbọ́ ọ kí n tó gbọ́, á máa gbọ̀n mí lẹ́sẹ̀ pé kí n tètè jẹun kóun ráyè sùn padà. Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Á tẹ̀ lé mi dé mọ́sálásí lọ jẹ àkàrà ìṣínu, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Àgbà UI: Ẹ̀ ń gbádùn. Àwa ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn, rí ìjà lórí àgbélébùú tó wà nítòsí mọ́sálásí ní 1985 sí 1986. Àwọn Mùsùlùmí ní tí wọ́n bá ń kírun àgbélébùú yẹn ni wọ́n ń kọjú sí, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ mọ́sálásí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbẹ̀yìn, ògiri ni wọ́n mọ sáàárín.

Ọmọ Awo: Babaláwo ni bàbá mi. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí nìkan ló mọ̀, ni mo bá kọ Kìrìsìtẹ́nì. Rúùmùméètì mi wá rí ìdè Ifá lọ́wọ́ mi, ó ní ká gbàdúrà ìtúsílẹ̀, mo ní kò burú, tá a bá ṣe tán èmi náà á kí Ọ̀rúnmìlà fún un. Ó ká bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ rúùmù kejì. Ìdánwò kù díẹ̀ ló yọ́ wá bá mi lóru, pé ṣé bàbá mi lè bá òun dífá sọ́rọ̀ PHY 101, ìdánwò físíìsì.