"Mutant" kọ́ ni abàmì: èrò mi lórí àwọn kátúùnù X-Men

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin àgbà ìjíròrò wa, mo kí yín o. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá pé kí a máa pe "mutant" inú X-Men ní "abàmì ẹ̀dá", mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì dúró ná. Ẹ̀gbọ́n, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́: ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀tá ló ti jáde.

Àwọn kan nínú wa kò wo kátúùnù náà rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀ díẹ̀. Stan Lee àti Jack Kirby ló dá X-Men sílẹ̀ nínú ìwé alàwòrán ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963. Mutant ni wọ́n: èèyàn ni wọ́n, èèyàn ló bí wọn, àmọ́ ohun kan wà nínú àbùdá wọn tó fún wọn ní agbára tí àwọn yòókù kò ní. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìgbà tí wọ́n bá ń bàlágà ni agbára ọ̀hún máa ń yọjú. Ìjọba ń bẹ̀rù wọn, aládùúgbò ń yẹra fún wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier kó àwọn kan jọ sílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní tàwọn tàwọn èèyàn yòókù lè jọ gbé láyé. Magneto, mutant tó ń bá a ṣọ̀tá, ní kò lè ṣeé ṣe. Orí àríyànjiyàn yìí ni gbogbo ìjà inú ìtàn náà dúró lé.

Kátúùnù tí wọ́n fi ṣe kò mọ ní ọ̀kan. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Fox lóṣù Kẹwàá 1992, ó parí ní 1997. X-Men: Evolution wá láti 2000 sí 2003. Wolverine and the X-Men dé Amẹ́ríkà ní 2009, àwọn ará Jàpáánì ṣe tiwọn ní 2011, nígbà tó sì di oṣù Kẹta 2024, X-Men '97 jáde lórí Disney+, ó gba ìtàn ti 1992 níbi tó parí sí. Ẹnì kan níbí pe gbogbo wọn ní "ẹ̀dà". Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀dà ni ohun tí ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ ń gbé jáde; bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí ló gbọ́dọ̀ rí. Ẹ wá wo Days of Future Past, ìtàn ọjọ́ iwájú tó ti bàjẹ́ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Nínú ìwé ti 1981, Kitty Pryde, ọ̀kan lára àwọn X-Men, ni ọkàn rẹ̀ padà sẹ́yìn. Nínú kátúùnù ti 1992, Bishop, mutant láti ọjọ́ iwájú, ló wá, tòun ti ìbọn rẹ̀. Nínú Wolverine and the X-Men, Xavier fúnra rẹ̀ ló sùn lọ tó lajú sọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ló ti ń fi ọkàn bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí àlọ́ Ìjàpá ṣe ń yí láti ẹnu àpàlọ́ kan sí òmíràn ni. "Àtúnsọ" ni mo rò pé ó bá a mu. '97 nìkan ni kì í ṣe àtúnsọ, ìtẹ̀síwájú ni: Cal Dodd tó jẹ́ ohùn Wolverine, ọ̀kan lára àwọn X-Men, nígbà yẹn náà ló ṣì jẹ́ ohùn rẹ̀ báyìí.

Ó yá, ká padà sórí abàmì.

Nínú ìpín àkọ́kọ́ ti 1992, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Jubilee, ó ń gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Robot gìrìwò kan tí wọ́n ń pè ní Sentinel wá a wálé. Báwo ni robot ṣe mọ ilé? Bàbá tó gbà á tọ́ ló ti lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn mutant, ó rò pé wọ́n máa ran ọmọ náà lọ́wọ́ ni. Ẹ fojú inú wo fọ́ọ̀mù tí bàbá yẹn máa buwọ́ lù. Ṣé "abàmì ẹ̀dá" ló máa wà lórí rẹ̀? Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa tẹ ìyẹn sórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìkà inú ìran náà sá pamọ́ sí: ọ̀rọ̀ tútù wà lórí ìwé, robot ń fọ́ ògiri. Bí a bá ti fi abàmì ṣe orúkọ, a ti ń bú ọmọ náà kí Sentinel tó dé.

Bẹ́ẹ̀, èébú ní àyè tirẹ̀ nínú ìtàn náà. "Mutie" ni àwọn tó kórìíra wọn máa ń pè wọ́n. Tí mutant bá jẹ́ abàmì, kí la fẹ́ fi túmọ̀ mutie? Gẹ̀ẹ́sì gé ọ̀rọ̀ kù kó lè fi bú èèyàn. Yorùbá kì í gé e, ńṣe la máa ń fi kún un. Ẹ jẹ́ kí abàmì wà níbẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ èébú, ó mọ iṣẹ́ yẹn í ṣe. Ẹ rántí Graydon Creed, ọ̀kan lára àwọn olórí ẹgbẹ́ Friends of Humanity tí wọ́n ń lé àwọn mutant kiri nínú kátúùnù ti 1992. Wolverine wọ inú ẹgbẹ́ náà, ó sì fi hàn lójú gbogbo wọn pé Sabretooth ni bàbá Creed, mutant pọ́ńbélé. Kí ìran yẹn tó lè dunni ní Yorùbá, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì la ní lọ́wọ́: èyí tí Creed fi ń búni, àti èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ lóòótọ́.

Ẹlòmíràn mú "oníyípadà àbùdá" wá. Fún ìwé sáyẹ́ǹsì, ó dáa. "Ìyípadà àbùdá" gan-an ni mo máa lò fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Àmọ́ fún èèyàn, ìjàǹbá ló máa dá sílẹ̀. Mystique wà nínú ìtàn yìí, obìnrin tó ń paradà di ẹni tó bá wù ú. Nínú Evolution, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ Xavier ń lọ, ó jókòó sí ọ́fíìsì. Morph náà wà nínú ti 1992, iṣẹ́ kan náà ni. Tí gbogbo wọn bá ti jẹ́ oníyípadà, kí la fẹ́ pe àwọn méjèèjì yìí? Cyclops ńkọ́, tí kò yí nǹkan kan padà láyé ẹ̀, tó jẹ́ pé iná pupa ló kàn ń ti ojú rẹ̀ jáde?

Àbá "ẹni òrìṣà" wú mi lórí fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kurt, tí wọ́n ń pè ní Nightcrawler, ara rẹ̀ dúdú bí aró, ó nírù. Àwọn mutant tí wọ́n ń pè ní Morlocks ń gbé abẹ́ ìlú nítorí pé ojú ayé kò gbà wọ́n. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọbàtálá máa rí ìbátan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àfín, abuké àti arọ tó ń jẹ́ ẹni òrìṣà kì í ṣe èèyàn inú kátúùnù. Wọ́n wà láàárín wa, orúkọ iyì ni orúkọ yẹn jẹ́ fún wọn, àwọn kan ṣì ń bọ òrìṣà tó ni ín. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ Storm, obìnrin kan nínú X-Men, tí ẹnì kan fẹ́ sọ di Ọya náà nìyẹn: ará Kẹ́ńyà ni ìyá rẹ̀, Káírò ló ti dàgbà, ìjì ló sì fi ń jà. Ìyẹn kò tó ohun tí a máa torí ẹ̀ gbé Ọya kúrò ní Ìrá.

Èyí tó gbé mi lọ́kàn jù ni "àmútọ̀runwá". Dàda gbé irun rẹ̀ wá, Ìgè fẹsẹ̀ jáde, Òjó gbé ìwọ́ kọ́rùn. Ó bá agbára àwọn èèyàn yìí mu tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé kí a fi "agbára àmútọ̀runwá" túmọ̀ agbára wọn, kí a má wá òmíràn mọ́. Ó tiẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ lórí Wolverine: ara rẹ̀ tó ń yára san jẹ́ àmútọ̀runwá, irin adamantium tí wọ́n dà mọ́ egungun rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pe ẹni náà fúnra rẹ̀. Nínú '97, wọ́n yin ìbọn kan tó ń pa agbára mutant. Magneto ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ, Storm ló bà. Ìjì kò dá a lóhùn mọ́, ó sì fi ilé Xavier sílẹ̀. Ó dà bíi pé lójú tirẹ̀, òun kò tún jẹ́ ọ̀kan nínú wọn mọ́. Tó bá jẹ́ "àmútọ̀runwá" ni orúkọ ìran rẹ̀, ohun tó rò yẹn tọ̀nà, torí ohun tó mú wá ti lọ. Ìtàn náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àbá tèmi ni "àbíyàtọ̀". Ẹni tí wọ́n bí, tó yàtọ̀. Ìbọn lè gba agbára lọ́wọ́ èèyàn, kò lè tún un bí. Ẹ gbé e wo lára Rogue, ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni kó má fa agbára onítọ̀hún mu. Nínú kátúùnù ti 1992, ó gbọ́ pé ẹnì kan ti rí ìwòsàn fún àwọn mutant, ó gbéra ó lọ, nígbà tó sì kù díẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ṣé ohun tí wọ́n bí mọ́ni ṣeé pè ní àìsàn, àbíyàtọ̀ sì gbé ìbéèrè yẹn dání láìdá ẹjọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ó fi àbíkú jọ. Ó fi í jọ lóòótọ́, ilé kan náà ni wọ́n ti wá, àwọn àti àbíkẹ́yìn, orúkọ àbísọ, ẹ̀bùn àbínibí. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Kódà òjìji àbíkú yẹn ń ṣe mí láǹfààní: ọmọ tí òbí fẹ́ràn tí wọ́n sì ń ṣọ́ra fún, tí wọ́n ń sàmì sí lára kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ Jubilee àti àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ kò jìnnà síyẹn.

Ó tún rọrùn lẹ́nu ọmọdé, ibi tí Evolution sì ti nílò rẹ̀ nìyẹn. Níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ayé kò tíì mọ̀ pé wọ́n wà, Kurt ń fi aago ọwọ́ kan bo àwọ̀ àti ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè jókòó sí kíláàsì. Ẹ̀yìn ìjà Sentinel tó gbé wọn sórí tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ìlú tó mọ̀. Kí ni Xavier máa sọ fún ọmọ tí agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ bú jáde lára rẹ̀ tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì? "Àbíyàtọ̀ ni ọ́, àbíyàtọ̀ lèmi náà." Ẹ fi abàmì ẹ̀dá sínú gbólóhùn yẹn, ẹ wo bí ọmọ náà ṣe máa sá lọ bá Magneto.

Ó ku Sentinel, tí ẹ̀gbọ́n pè ní "olùṣọ́". Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ta ni robot yẹn ń ṣọ́? Ìjọba ní ó ń ṣọ́ ìlú, àwọn ọmọ Xavier sì mọ̀ pé àwọn gan-an ni robot náà ń dọdẹ. A ní ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe méjèèjì: ọdẹ. Òun náà ló ń ṣọ́ àdúgbò lóru, òun náà ló ń wọgbó lọ pa ẹran. "Ọdẹ onírin" ni kí á pè é, kí oníkálukú gbọ́ ọ bó ṣe kàn án.